Ẹ̀jẹ̀ Tó Wúwo, Ẹ̀jẹ̀ Tó Nípọn

Ọkọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ọ̀wẹ̀nà ni, a ń ti Oǹdó bọ̀ ní Àkúrẹ́, nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ń bá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò parí ìjà ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n rántí pé "ẹ̀jẹ̀ wúwo ju omi lọ." Mo pòṣé. Ìyá tó jókòó tì mí rò pé òun ni mò ń pòṣé sí, ló bá gbé àpò rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí oníwàásù kan fi mú ọ̀rọ̀ kan náà, àmọ́ "ẹ̀jẹ̀ nípọn" ni tiẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọwọ́ Òyìnbó la ti yá a. Yorùbá tó ní ọmọ ìyá, tó ní iyèkan, kò bá ẹ̀jẹ̀ àti omi dé ìdí òṣùwọ̀n. Bí a bá tilẹ̀ yá a, ṣebí ó yẹ ká wọ̀ ọ́ láṣọ tó bá a mu. Pákó la lè sọ pé ó nípọn, tàbí aṣọ òkè, ohun tí àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá lè dì mú láàárín ara wọn. Ìfábẹ̀lá fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọbẹ̀ kì í nípọn. Ọbẹ̀ a máa ki.

Mo fẹ́ràn "ki" yìí. Lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́kọ láàárọ̀ ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́: ṣé kó ki ni, àbí kó ṣàn? Ẹ wo èkejì rẹ̀ dáadáa. Odò Àlá tó la Àkúrẹ́ kọjá ń ṣàn. Ẹ̀kọ tí omi pọ̀ jù náà ṣàn. Lójú ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ohun tó bá yára lọ ló ṣàn, ohun tó bá ń wọ́ ẹsẹ̀ ló ki. Ìwọ̀n kò sí níbẹ̀ rárá.

Àwọn ìyá tó ń ṣe epo mọ èyí kí físíìsì tó dé ilẹ̀ wa. Epo pupa ki ju omi lọ, síbẹ̀ orí omi ló ń léfòó sí nínú ẹkù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bù ú. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan; lítà epo kan jẹ́ nǹkan bíi kílò 0.9. Oyin ló kó méjèèjì pọ̀: ó ki, ó tún wúwo, lítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan àbọ̀. Ní ti kíki, baba gbogbo wọn ni ọ̀dà, irú èyí tó wà ní Àgbàbù ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, tí àwọn Òyìnbó ń gbẹ́lẹ̀ wá káàkiri láàárín 1907 sí 1914. Fi òòlù gbá ọ̀dà tó le, á fọ́ bí àwo, síbẹ̀ ó ń ṣàn. Ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àrọ wo bó ṣe ń kán ní 1927. Títí di 2014, ẹ̀kán mẹ́sàn-án péré ló kán. Ẹ ò rí i, ohun tó ki nìyẹn!

Ẹnu mi tó kún yìí, ibì kan wà tó ti ń kólòlò. Èéfín a máa ki, kùrukùru àárọ̀ lórí òkè Ìdànrè a máa ki, kò sí wàhálà, afẹ́fẹ́ náà ń ṣàn. Àmọ́ igbó náà ki. Igbó wo ló ń ṣàn? Kíki tigbó ni pé igi fún mọ́ra wọn, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Bí olùkọ́ bá wá sọ fún ọmọ pé oyin ki ju omi lọ, kí ọmọ bi í pé kíki wo, tẹ̀kọ ni àbí tigbó? Ọ̀rọ̀ tí mò ń ṣọ́ bí ẹyin ní ìdí méjì.

Ibi tí "wúwo" tọ́ sí gan-an, a kì í lò ó. Gáàsì ìdáná, tìtorí pé kò ṣeé fojú rí, a ní ó fúyẹ́, á fò lọ. Irọ́ ni. Propane inú rẹ̀ wúwo tó ìlọ́po kan àbọ̀ afẹ́fẹ́, butane tó ìlọ́po méjì. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń fà lọ, á dúró ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, á máa retí ìṣáná. Ẹ bá mi sọ èyí lórí rédíò.

Mo jẹ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn ní gbèsè kan, ṣá. Lítà ẹ̀jẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bíi kílò 1.06, ó wúwo ju omi lọ lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Ó sì ki tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin omi. "Nípọn" nìkan ló jẹ̀bi, òun náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo ayé.

Àbúrò mi obìnrin pè mí láti Oǹdó lánàá, gáàsì rẹ̀ ti tán. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ nípọn ju omi lọ." Mo la ẹnu láti tún un ṣe, mo tún pa á dé. Mo fi owó gáàsì ránṣẹ́.