Ẹyẹ Etí Òkun àti Àwọn Ọmọdé

Láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹrin ni àwọn ẹyẹ àlejò máa ń pọ̀ ní etí òkun Badágìrì àti Lẹ́kí. Ilẹ̀ òtútù ìhà àríwá ayé ni wọ́n ti ń pa ọmọ wọn. Bí òtútù bá mú níbẹ̀, wọn a fò wá síhìn-ín láti wá oúnjẹ. Òbí tí ó bá fẹ́ fi wọ́n han ọmọ rẹ̀, kí ó lọ ní òwúrọ̀, nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn, tí oòrùn kò sì tíì mú.

Èyí tí ọmọdé máa ń kọ́kọ́ fẹ́ràn ni ẹyẹ kékeré kan tí a ń pè ní sanderling. Bí ìgbì bá ń padà sínú òkun, a sáré tẹ̀ lé e, a máa ṣa ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ jẹ nínú iyanrìn. Bí ìgbì bá tún ń bọ̀, a sá padà. Kí a wo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀: ìka mẹ́ta ni, gbogbo wọn kọjú síwájú. Bí ọmọ bá délé, kí ó wo ti adìẹ, yóò rí ìka kẹrin lẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́rin pàápàá kò ní gbàgbé èyí.

Tern ni èkejì, tí ìrù rẹ̀ là bí ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀, tí í ti òkè já lu omi láti gbé ẹja. Ní Gánà, àwọn ọmọdékùnrin a máa fi okùn dẹ wọ́n, títí a fi dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1985 láti dáàbò bò wọ́n, tí a sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé láti máa wò wọ́n dípò kí wọ́n máa mú wọn.

Kí ọmọ má ṣe lé ẹyẹ. Èyí tí a ń lé kiri kò ráyè jẹun, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá ara rẹ̀ ni yóò fi rin ìrìn àjò padà. Kí gbogbo wọn jókòó jẹ́ẹ́ sórí iyanrìn gbígbẹ. Àwọn ẹyẹ yóò súnmọ́ wọn fúnra wọn.

Ìgbì etí òkun yìí a máa gbé àgbàlagbà lọ. Nítorí náà, kí àgbà kan máa wo ọmọ nìkan, kì í ṣe ẹyẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan òkú ẹyẹ. Àrùn bird flu, tí a kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà láàárín adìẹ ní Kàdúná ní ọdún 2006, pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ tern ní Sẹ̀nẹ̀gàl àti Gáḿbíà ní ọdún 2023. Bí ọmọ bá ti fọwọ́ kàn án, kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kíákíá, kí ó má ṣe dé ìdí àgò adìẹ pẹ̀lú aṣọ àti bàtà kan náà, kí a sì sọ fún dókítà ẹran.