Igi Kan Kì Í Dá Igbó Ṣe: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ọdún Àkọ́kọ́ Linux

Igi kan kì í dá igbó ṣe. A máa ń pa òwe yìí níbi ìpàdé ẹgbẹ́, àwọn èèyàn á mi orí, wọn á ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí wọ́n bá délé tán, kálukú á gbé iṣẹ́ tirẹ̀ sá pamọ́ sí yàrá. Ẹni tó ń kọ̀wé kò ní jẹ́ kí ojú kankan kàn án títí yóò fi parí. Ẹni tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ á ti ṣòfin rẹ̀ tán kó tó pe ẹni kejì. Iṣẹ́ kan wà tí kò gba ọ̀nà yẹn, òun ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò: Linux, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè rí kóòdù rẹ̀, tó lè tún un ṣe, tó sì lè pín in fún ẹlòmíì. Bí fóònù Android bá wà lápò yín, Linux ló wà nínú rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tí wọ́n kà sí alágbára jù láyé ló ń lo Linux. Àmọ́ ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ló wù mí jù, láti oṣù kẹjọ ọdún 1991 wọ inú 1992, torí pé nígbà náà kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, bí wọ́n ṣe ṣe é sì hàn kedere.

Linus Torvalds jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nígbà náà, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki lórílẹ̀-èdè Fínláǹdì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1991 ló ra kọ̀ǹpútà 386 kan, tó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mẹ́gábáìtì 4 ni mẹ́mórì rẹ̀. Ètò tó ń lò lórí rẹ̀ ni Minix, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Andrew Tanenbaum kọ ní Amsterdam láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ kí Minix kéré, kó má baà kọjá òye akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà wọn kì í sábà gbà kí àwọn èèyàn fi nǹkan kún un.

Ohun tí Torvalds kọ́kọ́ ṣe kéré débi pé ẹlòmíì kò ní kà á sí. Ó ní kí kọ̀ǹpútà náà máa ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: ọ̀kan ń kọ A sójú ẹ̀rọ, èkejì ń kọ B. A A A A, ó tún di B B B B, ó tún padà di A. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: kọ̀ǹpútà ti ń pín àkókò rẹ̀ fún iṣẹ́ méjì, ọ̀kan kò sì dí èkejì lọ́wọ́. Orí èyí ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, ó kọ̀wé sí àwọn tó ń lo Minix pé òun ń kọ ètò ọ̀fẹ́ kan, pé òun kàn ń fi ṣeré ni, kò ní tóbi bíi ti GNU, iṣẹ́ ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn ẹlòmíì ti ń ṣe bọ̀. Ó wá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ràn nínú Minix àti ohun tí wọn kò fẹ́ràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìbéèrè yẹn dáadáa. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá gbé iṣẹ́ wa jáde, ohun tí a máa ń béèrè ni, “Ṣé ó dáa?” Ẹni tó fẹ́ràn wa á ní ó dáa, ẹni tí kò fẹ́ràn wa á dákẹ́, àwa náà á sì padà sílé bí a ṣe wá. Ẹni tó bá béèrè ohun tó ń ni àwọn èèyàn lára nínú èyí tí wọ́n ń lò lọ́wọ́, wọn á dá a lóhùn, torí pé ọ̀rọ̀ ara wọn ni wọ́n ń sọ. Bí ẹ bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn èèyàn ní ohun tó lé wọn kúrò nínú èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn.

Ní oṣù kẹsàn-án, ó gbé ẹ̀dà 0.01 síta, nǹkan bí ìlà kóòdù ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Freax ló fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ari Lemmke, tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé e sí, kò fara mọ́ orúkọ yẹn, ó sì kọ Linux sára àpò tó kó o sí. Torvalds fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ mélòó ló ti tú ká lórí ọ̀rọ̀ orúkọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀!

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Torvalds kọ́ ló kọ gbogbo ohun tó fi ṣiṣẹ́. Òun kọ́ ló kọ gcc, ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe. Òun kọ́ ló kọ bash, tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 1983 tí Richard Stallman ti kéde iṣẹ́ GNU ni àwọn ẹlòmíì ti ń ṣe irú nǹkan báyìí sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó kọ́kọ́ wá ohun tí àwọn tó ṣáájú ti ṣe tán.

Mo wá dé ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Nígbà tí ọdún 1991 ń lọ sópin, ẹnì kan ní Jámánì kọ̀wé wá pé mẹ́gábáìtì 2 péré ni kọ̀ǹpútà òun ní. Gcc ń fẹ́ àyè ju ìyẹn lọ, nítorí náà òun kò lè fi kọ̀ǹpútà òun sọ kóòdù Linux di ohun tó lè ṣiṣẹ́. Torvalds ní mẹ́gábáìtì 4, ìyà yẹn kò jẹ ẹ́ rárá. Ó lè sọ fún un pé kó lọ ra mẹ́mórì sí i, kò sì ní purọ́. Àkókò Kérésì ni. Ó jókòó, ó kọ ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yá àyè lára dísíìkì bí mẹ́mórì bá kún. Ohun tí a kò lò lọ́wọ́ á kọjá sórí dísíìkì, bí a bá tún nílò rẹ̀, á padà wá. Ẹ̀dà 0.12, tó jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1992, ló gbé e dé. Minix kò ní irú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo Minix ti ń ṣí wá sọ́dọ̀ Linux, tí àwọn náà sì ń mú iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ áàpù fún àwọn ará ọjà, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Orí fóònù olówó gọbọi lẹ ti ń dán an wò, inú ọ́fíìsì tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í já. Ìyálọ́jà tó fẹ́ lò ó, fóònù olówó pọ́ọ́kú ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán àwọn ọmọọmọ ti kún inú rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ dátà lò. Bó bá sọ fún yín pé áàpù yín kò ṣí, ẹ má dá a lóhùn pé fóònù rẹ̀ ni kò dáa. Ẹ yá fóònù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ fún wákàtí kan. Iṣẹ́ tó kù yín kù wà nínú rẹ̀.

Àdáṣe ní í hun ni, àjọṣe kì í hun ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Torvalds kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó lórí Linux. Àwọn kan wá sọ fún un pé àwọn fẹ́ máa dà á sínú dísíìkì fún àwọn tí kò rí ọ̀nà gbà á, pé kí àwọn kàn gba owó dísíìkì náà padà. Ó rò ó, ó sì rí i pé òótọ́ ni. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 1992, ó gbé Linux sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL ti GNU: ẹ lè tà á, ẹ lè tún un ṣe, àmọ́ bí ẹ bá pín èyí tí ẹ tún ṣe fún ẹlòmíì, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó rí kóòdù rẹ̀ gba. Àwọn kan fẹ́ fún òun fúnra rẹ̀ lówó, ó ní kí wọ́n fi káàdì tó ní àwòrán ìlú wọn ránṣẹ́ sí òun. Káàdì ń wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè. Nínú gbogbo èyí, ìwé àṣẹ yẹn ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù. Àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ nígbà tí kò tíì sí owó nílẹ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀. Ẹ kọ tiyín nísinsìnyí tí ẹ ṣì jẹ́ mẹ́ta.

Wàhálà kò ṣàì dé. Gbogbo wa ò lè sùn ká kọrí síbì kan náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tanenbaum kọ̀wé ní gbangba pé ayé ti kọjá irú ohun tí Linux jẹ́. Ẹ̀sùn wọn jẹ́ méjì: gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ ló wà pọ̀ lójú kan, tí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún so ó mọ́ irú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, 386. Torvalds fèsì pẹ̀lú ìbínú. Lẹ́yìn náà ló tọrọ àforíjì fún bó ṣe sọ̀rọ̀, kò sì yí èrò rẹ̀ padà lórí iṣẹ́ náà. Títí dòní, ọ̀nà tó yàn nípa ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni Linux ń tọ̀. Ti ẹ̀sùn kejì, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n gbé Linux dé orí oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Fóònù kì í lo 386. Ká ní ibẹ̀ ló jókòó sí, kì bá tí dé àpò yín. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ jù yín lọ bá bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí ojú yín walẹ̀, kí ẹ wá tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹ lè kọ apá kan, kí ẹ gba apá kejì.

Ní ọdún 1992 yẹn náà, Orest Zborowski gbé X wọ inú Linux, èyí tó ń jẹ́ kí fèrèsé àti àwòrán hàn lójú ẹ̀rọ. Ní Manchester, Owen Le Blanc kó ohun gbogbo jọ sínú dísíìkì kí ó lè rọrùn fún ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá. Torvalds kò rán wọn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, kó gba èyí tó dára, kó dá èyí tí kò dára padà. Iṣẹ́ adènà yìí kò ṣeé fi sílẹ̀: ibi tí gbogbo èèyàn bá ti ń da nǹkan sí láìsí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kì í pẹ́ bàjẹ́. Ní oṣù kẹta ó pe ẹ̀dà tuntun ní 0.95, torí ó rò pé 1.0 ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 1994 ni 1.0 tó jáde. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ má tètè dá ọjọ́ fún àwọn èèyàn.

Iṣẹ́ yìí kan àwa náà. Ẹni tó bá ń lo Linux lónìí lè yan kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà, torí pé ẹnì kan jókòó, ó ṣe é, ó sì fi ránṣẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ sí Yorùbá ṣì pọ̀ nílẹ̀, kò sì di dandan kéèyàn mọ kóòdù kọ kó tó dá sí i. Olùkọ́ Yorùbá tó mọ àmì ohùn fi sí i dáadáa àti ọmọ kan tó mọ kọ̀ǹpútà lò lè jókòó pọ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan, kí wọ́n túmọ̀ ogún ọ̀rọ̀ péré, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n bá a dé sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.