Ilẹ̀ Mefibóṣẹ́tì, Ọwọ́ Síbà

Bíbélì kíkà: 2 Sámúẹ́lì 9, 16:1–4, 19:24–30, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1–7

Orí 9 nìkan ni a sábà máa ń kà nínú ìtàn Mefibóṣẹ́tì. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá lọ, tí ó jábọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Dáfídì ránṣẹ́ mú un wá láti Lódébárì, ó dá ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un, ó sì fún un láyè nídìí tábìlì ọba. A ó ṣe àmín, a ó lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ tún ẹsẹ 9 àti 10 kà. Ta ni ọba pè kí ó máa ro ilẹ̀ náà, kí ó sì máa kó èso rẹ̀ wá? Síbà ni, òun pẹ̀lú ọmọkùnrin 15 àti ìránṣẹ́ 20. Mefibóṣẹ́tì ni ó ni ilẹ̀, ọwọ́ Síbà ni ilẹ̀ wà.

Nígbà tí ó di orí 16, ọba ń sá fún Ábúsálómù. Síbà kó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti oúnjẹ lọ pàdé rẹ̀, ó ní ọ̀gá òun jókòó sí Jerúsálẹ́mù, ó ń retí ìjọba. Dáfídì kò bi ẹnikẹ́ni mìíràn. Lójú ẹsẹ̀ ni ó fi gbogbo ohun ìní Mefibóṣẹ́tì fún Síbà. Ìgbà tí ọba padà dé ni Mefibóṣẹ́tì tó rí àyè sọ tẹnu rẹ̀: òun fẹ́ di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gàárì kí òun tẹ̀ lé ọba, ìránṣẹ́ òun ni ó tan òun jẹ. Irùngbọ̀n tí kò tọ́jú àti aṣọ tí kò fọ̀ láti ọjọ́ tí ọba ti lọ ń jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀, ọba ní kí àwọn méjèèjì pín ilẹ̀ náà. Èmi kò tíì rí àlàyé tó tẹ́ mi lọ́rùn lórí ìdájọ́ yẹn.

Báyìí ni ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ ṣe ń rìn títí dòní. Orúkọ obìnrin, ọmọbìnrin tàbí àkàndá ẹ̀dá ni wọ́n fi ń tọrọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ń kọ̀wé, tí ó ń gbà á, tí ó sì ń jíhìn. Síbà lè má jẹ́ olè rárá ní orí 9. Ètò náà ni kò fi Mefibóṣẹ́tì síbi tí yóò ti mọ bí nǹkan ṣe ń lọ.

Ìjọ àkọ́kọ́ gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì ni wọ́n ń fo dá nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ. Ẹ wo orúkọ àwọn 7 tí wọ́n yàn láti Stéfánù dé Nikóláù: orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ó jọ pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni wọ́n fi ìpín lé lọ́wọ́.

Mo rí irú ọgbọ́n yẹn nínú ohun tí obìnrin 3 ṣe ní ọdún 2000. Bisi Adeleye-Fayemi láti Nàìjíríà, Joana Foster láti Gánà àti Hilda Tadria láti Ùgáńdà dá African Women's Development Fund sílẹ̀, ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Àkrà. Àwọn obìnrin Áfíríkà fúnra wọn ni ó ń kó owó jọ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń pín in fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin.

Nítòsí wa, iṣẹ́ AGILE wà, tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2020: 500 mílíọ̀nù dọ́là fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìpínlẹ̀ 7, Kàdúná àti Èkìtì wà lára wọn. (Nàìjíríà yá a ni o, àwa ni a ó san án.) Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé owó àtúnṣe ń lọ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, níbi tí òbí lè ti sọ̀rọ̀. Kí ọ́fíìsì kan tó mọ̀, ìyá ọmọ ti mọ̀ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní ìlẹ̀kùn ni kì í jẹ́ kí ọmọ òun lọ sílé-ìwé nígbà nǹkan oṣù.

Ẹ jẹ́ kí a wá bá ara wa sọ̀rọ̀ ní Mahuta níbí. Máìkì ni a fi ń kéde owó ìrànwọ́ fẹ́lóṣíìpù. Ẹni tí kò gbọ́rọ̀ ń kọ́? Àwòrán ni fọ́ọ̀mù tí a ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó lè ṣòro fún fóònù láti kà á fún afọ́jú. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ opó tó ń ta kúnú lójú ọ̀nà lè má gbọ́ ju Hausa tàbí Gbagyi lọ. Òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹni tí kò lè rìn lè gbà. Ọdún 5 náà ti pé láti 2024. Àtẹ̀gùn mélòó ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìpàdé tiwa?

Fún ìjíròrò: Nínú àwọn tí ń pín owó ìrànwọ́ wa, ta ni ó ti gba irú rẹ̀ rí? Bí Mefibóṣẹ́tì bá fẹ́ fi ẹjọ́ Síbà sùn láàárín wa, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ, báwo ni yóò sì ṣe dé ibẹ̀? Kí ẹni tó ń darí ìpàdé jẹ́ kí àwọn arábìnrin kọ́kọ́ dáhùn.