Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Wo Abẹ́ Ọkọ̀ Yín

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ akérò, ìkìlọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní 2023, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti ń lo gáàsì CNG. Ó dín ìnáwó kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí àyè èrò àti ẹrù má bàa dín, abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń so àgbá gáàsì mọ́ nígbà mìíràn. Abẹ́ ọkọ̀ yìí kan náà ló sì ń jẹ ìyà kòtò, òkúta àti ẹrọ̀fọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ danfó kan. Bóòtì mẹ́rin ló yẹ kó di àgbá náà mú. Mẹ́ta ló kù. Ibi tí bọ́m̀pù ojú ọ̀nà ti ń ha á ti ń dán bí owó ẹyọ tuntun. Awakọ̀ ò mọ̀ rárá.

Agbára afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 35 lọ lórí géèjì fukanáísà. Lórí òṣùwọ̀n kan náà, àgbá CNG tó kún tó 2,900. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àgbá ọkọ̀ kan bú gbàmù nílùú Benin, àwọn èèyàn sì fara gbọgbẹ́. Àwọn aláṣẹ ní wẹ́dà ti jó àgbá náà, kì í sì í ṣe irú èyí tó yẹ fún CNG.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó ohunkóhun mọ́ ara àgbá. Iná ń ba agbára irin jẹ́. Bẹ́líìtì irin ni kó gbá a mú, kí rọ́bà wà láàárín wọn, kí bóòtì sì dè é mọ́ ṣáásí, kì í ṣe mọ́ páànù ilẹ̀ ọkọ̀. Ìgbà tí èrò bá kún ọkọ̀ ni kí ẹ wọn bí àgbá ṣe ga sílẹ̀ tó, torí súpíríǹgì a máa rọlẹ̀. Kó jìnnà sí sálẹ́ńsà, kí irin sì dáàbò bo fáàfù rẹ̀.

Bí àgbá bá ti tẹ̀ tàbí tó ha jinlẹ̀, ẹ má fi ọ̀dà bò ó. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ní ìwé àṣẹ.

Láàárọ̀, kí èrò àkọ́kọ́ tó wọlé, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ ka bóòtì. Bí ọ̀kan bá dín, ẹ má gbé èrò.