Ṣé Kí Ìjọba Dín Owó Orí Kù Ni, àbí Kó Ṣe Títì?

Ìbéèrè

Gààrí ni mò ń tà ní Òkè-Ajé, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdọọdún là ń gbọ́ lórí rédíò pé gómìnà ti ka ètò ìṣúná, pé bílíọ̀nù báyìí ni ti títì, bílíọ̀nù báyìí ni ti ilé ìwé. N kò sọ pé kò dáa. Àmọ́ owó ọjà, owó orí, owó àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lọ́nà, orí àpò gààrí ni gbogbo rẹ̀ ń já lé. Ṣé kò ní sàn kí ìjọba fi owó yìí sílẹ̀ lọ́wọ́ wa, kí kálukú fi tún ayé ara rẹ̀ ṣe?

*Ìyá Onígààrí, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ajé á wọlé, ajé ò ní bú wa jẹ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní ahun nítorí ìbéèrè yìí. Ẹni tó mọ iyì owó ló ń béèrè ibi tí owó gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn owó yìí sọ́tọ̀, torí àpò tí wọ́n ń lọ yàtọ̀ síra. Owó ọjà, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Owó orí tí èèyàn ń san lórí ohun tó ń wọlé fún un, ìpínlẹ̀ ló ń gbà á, ṣùgbọ́n Àbújá ló ń fi òfin sọ iye tó máa jẹ́. Bó wu gómìnà kó dín in kù lónìí, agbára rẹ̀ kò ká a. Àbújá sì ti ṣe díẹ̀ níbẹ̀: lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju N800,000 lọ kò ní san owó orí. Fún oníṣòwò bíi tiyín, èrè ni wọ́n ń wò, kì í ṣe gbogbo owó tí ẹ tà. Ti àwọn tó ń fi igi dínà ńkọ́? Òfin ìjọba àpapọ̀ kan ní 1998 ti ka gbígbé ìdènà sójú pópó láti gba owó orí léèwọ̀. Ìyẹn ni kí ẹ bínú sí. Kí ẹ má fi ìbínú rẹ̀ lu owó títì.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Ká ní wọ́n yọ N6,000 fún yín lọ́dún. N500 lóṣù nìyẹn. Ẹ rántí bí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ ṣe rí kí ìpínlẹ̀ tó tún un ṣe. Kò ju kìlómítà 14 lọ. Ààrẹ Buhari ló wá ṣí i ní oṣù kìíní ọdún 2022. Bí ọkọ̀ bá rì sí kòtò lójú ọ̀nà, awakọ̀ á bu owó lé àpò kọ̀ọ̀kan, òjò á kan gààrí, oníbàárà á sì ti rà lọ́wọ́ ẹlòmíì kí ẹ tó dé. Ọjọ́ kan péré á ti jẹ N6,000 yẹn tán. Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá sì mú N500 tiwọn relé, kò sí èyí tó máa lọ dí kòtò nínú wọn.

A ti rí irú èyí rí nílẹ̀ wa. Ní 1952, S. O. Awókòyà, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba Awólọ́wọ̀ bu ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé owó orí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo ta. Nígbà ìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954, ẹgbẹ́ alátakò, Alákùkọ, na Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, mọ́lé. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ilé ìwé ṣí. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò ju nǹkan bí 457,000 lọ ní 1954 lé ní 811,000 lọ́dún yẹn. Nígbà ìbò ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1956, Ọlọ́pẹ gba ìjókòó 48 nínú 80. Lójú tèmi, ohun tó fa ìyàtọ̀ kò ṣòro: ní 1954 bàbá ń sanwó láìrí nǹkan, ní 1956 ó ń rí ọmọ rẹ̀ tó gbé síléètì lọ síléèwé. Kò rọgbọ pátá o. Owó kòkó náà kún owó orí yẹn, tíṣà tó kọ́ṣẹ́ kò sì tó.

Àwọn tó gba ọ̀nà kejì náà wà. Ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà gé owó orí lulẹ̀ ní 2012, wọ́n ní ọrọ̀ ajé á búrẹ́kẹ́. Owó ìjọba ló gbẹ. Àwọn iléèwé kan tilẹ̀ tètè ti ilẹ̀kùn ní 2015. Ní 2017, àwọn aṣòfin wọn yí i padà.

Síbẹ̀, n kò ní kí ẹ máa sanwó kí ẹ máa wòran. Ètò ìṣúná Ìpínlẹ̀ Ògùn ti 2025 kọjá tírílíọ̀nù kan náírà. Iye yẹn kò sọ nǹkan kan fún wa àfi tí a bá tú u wò. Nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, bí wọ́n bá dá owó ọdún Ojúdé Ọba, ṣé ẹ kì í béèrè iye tó wọlé, iye tó jáde àti ohun tó ṣẹ́ kù? Ẹ béèrè bẹ́ẹ̀ náà lọ́wọ́ ìjọba:

Èló ni owó oṣù àti ìnáwó ọ́fíìsì, èló ni ti iṣẹ́ àkànṣe? Nínú iṣẹ́ àkànṣe ọdún tó kọjá, èwo ló parí? Ta ni yóò máa tún títì àti ilé ìwosàn náà ṣe bó bá di ọdún márùn-ún?

Òfin ní kí gómìnà gbé ètò ìṣúná síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kí ọdún tuntun tó wọlé. Kí ìyẹn tó di òfin ni kí ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ kó ara yín jọ lọ́jà, ẹ kọ títì àti gọ́tà tó ń pa ọjà yín lára sílẹ̀, kí ìyálọ́jà gbé e lọ bá aṣojú yín. Ẹ gba rìsíìtì fún gbogbo kọ́bọ̀ tí ẹ bá san. Ẹni tí kò bá ní rìsíìtì, ẹ má fún un.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ san tiyín, ìyá wa, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣí ìkòkò kí ẹ wò ó.