Òkèèrè La Ti Ń Wo Igi Gogoro

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tó bá dúró kí igi kan ìpéǹpéjú kó tó yẹra, ó ti pẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ oògùn olóró rí láàrin àwọn ọmọ wa. Ìgbà tí ọmọ bá ti wọ ilé ìwé gíga, tí ojú rẹ̀ pọ́n kankan, tí owó ń sọnù nínú ilé, ni ọ̀pọ̀ òbí tó ń wá ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀. Wọn a mú un lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀, wọn a mú un lọ sọ́dọ̀ ààfáà, wọn a ná owó tí wọn kò ní. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́dún 2018, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba Nàìjíríà àti UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn olóró, ṣe ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ká yọ ọtí àti sìgá sẹ́yìn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 èèyàn tó wà láàrin ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàrin ọdún kan. Bí a bá kó èèyàn méje jọ, ọ̀kan ń lò ó. Apá ìwọ̀ oòrùn gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá níbí, ló ga jù: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Igbó ni wọ́n ń mu jù, bí a bá sì pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ọmọ ọdún 19 ni wọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ẹni tó bá gbọ́ 19 lè ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì kan ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣìnà. Kí ọmọ lè kọ nǹkan lójú ọ̀rẹ́, kó lè sọ ohun tó ń dùn ún, kó mọ ẹni tó lè sá tọ̀, ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́ lọ́jọ́ kan. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Báwo la ṣe wá fẹ́ kọ́ wọn? Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwa àgbà ni ká dẹ́rù bà wọ́n: ká lẹ àwòrán ẹni tí orí rẹ̀ dàrú mọ́ ògiri, ká pe ẹni tó ti mu igbó rí wá síbi tí àwọn ọmọ ti ń tò láàárọ̀ kó wá jẹ́rìí, ká to orúkọ oògùn lọ́kọ̀ọ̀kan fún wọn. Àwọn tó ṣe é ṣáájú wa ti rí ibi tó já sí. Ọdún 1983 ni wọ́n dá ètò D.A.R.E. sílẹ̀ nílùú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, tí ọlọ́pàá ń wọ kíláàsì lọ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. Ètò náà gbilẹ̀, àwọn òbí sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí tọpa àwọn ọmọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn tó gba ẹ̀kọ́ yìí àti àwọn tí kò gbà á kò tó nǹkan. Nígbẹ̀yìn, ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọ́n gbé sípò rẹ̀. Ọmọdé tí a bá to orúkọ oògùn mẹ́wàá fún, a ti fi mẹ́wàá kún ohun tó fẹ́ tọ́ wò.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kì í pariwo. Nílùú Baltimore, ní Amẹ́ríkà kan náà, lágbede méjì àwọn ọdún 1980, àwọn olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ pín ọmọ sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́ fún eré kan. Ẹgbẹ́ tó bá fara balẹ̀, tí kò jà, tí kò dí ẹlòmíì lọ́wọ́, ló ń gba ẹ̀bùn. Eré náà kò níí ṣe pẹ̀lú oògùn rárá. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí di géńdé, àwọn tó há sínú oògùn láàrin wọn kéré sí ti àwọn tí kò ṣe eré náà, pàápàá nínú àwọn ọmọkùnrin tó jẹ́ oníjàgídíjàgan nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Láti pírámárì kìíní dé ìkẹta, ohun tí ọmọ nílò láti mọ̀ ni ọwọ́ tí oògùn ti ń wá: ọwọ́ ìyá, ọwọ́ bàbá, ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ọwọ́ ọ̀rẹ́, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀gbọ́n àdúgbò, kì í sì í ṣe ohun téèyàn bá nílẹ̀. Oògùn ikọ́ dùn lẹ́nu, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti mínírà. Èyí tó ní codeine nínú ni àwọn ọ̀dọ́ sọ di ọtí, títí ìjọba fi fòfin de ṣíṣe rẹ̀ àti kíkó o wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Láti pírámárì ìkẹrin lọ sókè, ohun tí ojú àwọn ọmọ ti ń rí ládùúgbò nìkan ni kí ẹ dárúkọ: sólúṣọ̀n tí wọ́n fi ń lẹ táyà, ọtí inú ọ̀rá, paragá, igbó. Ẹ sọ òótọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ara, ẹ má ṣe sọ àsọdùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ pe ọmọ méjì síwájú. Kí ọ̀kan ṣe bí ẹ̀gbọ́n àdúgbò tó gbé ike omi aláwọ̀ dání: “Tọ́ ọ wò, mínírà ni. Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́?” Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ kejì á máa rẹ́rìn-ín, á wolẹ̀, á kùn ún sínú. Ẹ ní kó tún un ṣe. Kó dúró dáadáa, kó lanu: “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, mi ò mu. Wọ́n ń retí mi nílé.” Kó sì máa lọ, kó má dúró gbọ́ ìkejì. A ti kọ́ ọmọ Yorùbá pé kì í kọ̀ sí àgbà lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ rere ni, àmọ́ ibẹ̀ náà ni ẹni ibi ń gbà wọlé. Ká jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé òun lè kúnlẹ̀ kí àgbà, òun lè dọ̀bálẹ̀, kí òun sì kọ ohun tí àgbà náà fi lọ òun.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ láàárọ̀, tí bàbá rán ọmọ kan náà lọ ra paragá nírọ̀lẹ́, ta ni kí ọmọ gbọ́ràn sí lẹ́nu? Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé: ọtí inú ọ̀rá ń fì lókè, bisikíìtì àti súìtì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti ọdún 2018 ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti ń bá àwọn tó ń ṣe ọtí inú ọ̀rá fà á pé kí wọ́n jáwọ́, torí ó rọrùn jù fún ọmọdé láti rí i rà. A kò ní láti dúró de Àbújá. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lọ bá ìyá oníṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó gbé e kúrò níwájú ọmọ, kó má sì tà á fún ẹnikẹ́ni tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Bí ọmọ bá wá sọ pé ẹnì kan fún òun ní nǹkan mu, ẹ má ṣe kọ́kọ́ gbé pàṣán. Ọmọ tí wọ́n nà torí pé ó sọ òótọ́ kò tún ní sọ ọ́ mọ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi sùúrù bi í léèrè. Bó bá ti ń lò ó, ilé ìwòsàn ló kàn. NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà, náà ní nọ́ńbà tí a lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìrànlọ́wọ́, 0800 1020 3040. Ọ̀gá ilé ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e. Ìgboro tó ń fún un ní nǹkan mu náà ni yóò gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Gbogbo èyí kò gba ìwé tuntun, kò sì gba owó ìjọba. Ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ yan ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ní sáà yìí. Ẹ̀yin òbí, lálẹ́ òní, ẹ bi ọmọ yín pé, “Bí ẹ̀gbọ́n kan bá ní kó o tọ́ nǹkan wò, kí lo máa sọ?” Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.