Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan Tí Ó Ní Ojú Méjì: "Let"

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka Bíbélì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìsìn, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni a fẹ́ bá yín gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni ó ní: "let". Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré mọ̀ ọ́n, yóò sì sọ fún yín pé "jẹ́ kí" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo yìí ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí a tẹ̀ ní ọdún 1611, ní ìgbà Ọba James, yóò gbé ọ̀rọ̀ Àpọ́sítélì dorí kodò.

Ó ti ṣe ojú wa rí. Oníwàásù kan, tí a kò ní dárúkọ, ka Róòmù 1:13 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé òun ti pinnu nígbà púpọ̀ láti wá sí ọ̀dọ̀ wọn. Ó bá "let" pàdé níbẹ̀, ó sì wàásù fún wa pé a ti gba Pọ́ọ̀lù láyè láti lọ, ṣùgbọ́n pé òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ìrìn àjò náà falẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti bá àwa tí a ń fi iṣẹ́ Olúwa falẹ̀ wí gidigidi. Ìbáwí náà tọ́ sí wa, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò tọ́ sí Pọ́ọ̀lù. Ohun tí "let" wí níbẹ̀ ni pé a dí i lọ́wọ́. Ó fẹ́ lọ. Ọ̀nà ni kò là.

Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe lè wí pé "jẹ́ kí ó lọ", kí ó sì tún wí pé "má jẹ́ kí ó lọ"? Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ṣáájú ọdún 1066, "lǣtan" ni gbígbà láyè, "lettan" ni dídí lọ́wọ́. Èkejì yìí sì bá "late", èyí tí í ṣe pípẹ́, tan: ẹni tí a dí lọ́wọ́, a mú un pẹ́ ni. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìparí ọ̀rọ̀ méjèèjì gé kúrò, wọ́n sì di ọ̀kan ní ẹnu. Èdè tiwa náà ní irú rẹ̀ lójú ìwé: bí a kò bá fi àmì sí i, ta ni yóò mọ ọkọ ìyàwó yàtọ̀ sí ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ́ àgbẹ̀? Ṣùgbọ́n bí a bá ti la ẹnu, ohùn ti parí ìjà náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn tí yóò gbà wọ́n, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀kan nínú méjèèjì kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí ó yà wá lẹ́nu jùlọ ni orí karùn-ún Ìwé Ẹ́kísódù. Ní ẹsẹ 1, "let" ni Mósè àti Áárónì fi jíṣẹ́ fún Fáráò pé kí ó jọ̀wọ́ àwọn ènìyàn Ọlọ́run lọ. Ní ẹsẹ 4, "let" kan náà ni Fáráò fi dá wọn lóhùn, tí ó ń bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń dá àwọn ènìyàn dúró nínú iṣẹ́ wọn. Olùkọ́ tí ó bá ń ka orí yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Èyí tí ó léwu jù ni 2 Tẹsalóníkà 2:7, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹni tí ń dá ìwà àìlófin dúró. Ẹni tí ó bá fi "jẹ́ kí" túmọ̀ rẹ̀ ti sọ ẹni tí ń dènà ibi di ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn tí wọ́n tún Májẹ̀mú Titun Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1881 mú un kúrò níbẹ̀ àti nínú Róòmù. Ṣùgbọ́n ó wà síbẹ̀ nínú Ìwé Àdúrà Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1662, nínú àdúrà tí a yàn fún Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin ní Ádífẹ́ńtì. Níbẹ̀, "hindered" dúró tì í bí ògbufọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣìnà. Irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni ó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà àti ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a gba oníwèé láyè láti kọjá láìsí "let".

Ti àwọn onílé kò le. "To let" lára ògiri kò ju pé a ń wá ayálégbé lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọkùnrin aláìgbọ́ràn a máa fi lẹ́tà kan há a láàárín, tí ilé ẹni ẹlẹ́ni a sì di ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọ̀ràn kan kù fún ẹ̀yin ògbufọ̀. Nígbà tí àlùfáà bá fi "let" pè wá sí àdúrà, àwa ni ó ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà "Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà" tọ́. Ṣùgbọ́n ní Gẹ́nẹ́sísì 1:3, nígbà tí Ọlọ́run pàṣẹ ìmọ́lẹ̀, ta ni ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀? "Kí" nìkan ni ó yẹ àṣẹ bẹ́ẹ̀, láìsí "jẹ́". Gẹ̀ẹ́sì kò fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Yorùbá fi í hàn.

Ní oṣù tí ń bọ̀, bí Olúwa bá fẹ́, a ó gbé "prevent" yẹ̀ wò, èyí tí kì í ṣe dídènà nínú àwọn àdúrà àtijọ́ wọ̀nyí, bí kò ṣe lílọ ṣáájú ẹni.